ÒǸKÀ ORIN ÀTI ÌRÌN RẸ̀: Ẹ̀KỌ́ FÚN ÀWỌN ẸGBẸ́ AKỌRIN

Nígbà tí ọdún ìkórè bá ń súnmọ́ tòsí, ohùn àwọn akọrin a máa gba inú ìlú kan ní alaalẹ́. Ẹgbẹ́ akọrin a ra ìwé tuntun, ọ̀gá akọrin a sì máa fi sùúrù kọ́ wọn ní ohùn kọ̀ọ̀kan títí yóò fi mọ́ wọn lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ó máa ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀ nínú ilé ìdánrawò ju ohùn tí kò bára mu lọ. Ohun náà ni ìrìn orin: báwo ni ó ti yẹ kí orin yìí yára tó?

Kí a gbà pé ẹgbẹ́ akọrin ìlú méjì fẹ́ jùmọ̀ kọ orin kan níbi ìpàdé ọdún. Ìwé kan náà ni wọ́n rà. Ìpín 32 ni ó wà nínú orin náà, òǹkà tí a kọ sí iwájú rẹ̀ ni 6/8, a sì tẹ nọ́ńbà 60 sí òkè rẹ̀. Ọ̀gá akọrin ìlú kìn-ín-ní kọ́ àwọn tirẹ̀, wọ́n sì ń kọ orin náà tán ní ìṣẹ́jú kan àti ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin. Ọ̀gá akọrin ìlú kejì kọ́ àwọn tirẹ̀, ó sì ń gbà wọ́n ní ìṣẹ́jú mẹ́ta àti ìṣẹ́jú àáyá méjìlá. Nígbà tí wọ́n pàdé ní ọjọ́ Sátidé tí ó ṣáájú ọdún, kò sí èyí tí ó lè bá èkejì lọ. Àwọn kan ń sáré bí ẹni tí òjò ń lé bọ̀, àwọn kejì ń wọ́ bí ìgbín. Ọ̀gá méjèèjì sì ń nawọ́ sí ìwé pé ohun tí a kọ síbẹ̀ gan-an ni àwọn ṣe.

Òótọ́ ni pé àwọn méjèèjì ka nọ́ńbà náà. Ṣùgbọ́n ẹnì kan ṣoṣo nínú wọn ni ó ka àmì kékeré tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà. Lórí àmì kékeré náà, àti ohun tí ó so òǹkà orin pọ̀ mọ́ ìrìn rẹ̀, ni ẹ̀kọ́ yìí dá lé.

OHUN TÍ ÒǸKÀ Ń SỌ

Ní ìbẹ̀rẹ̀ orin tí a kọ sórí ìlà márùn-ún, nọ́ńbà méjì máa ń wà, ọ̀kan lórí èkejì: 2/4, 3/4, 4/4, 6/8 àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí ni ẹ̀kọ́ yìí ń pè ní òǹkà orin. Nọ́ńbà ìsàlẹ̀ ń sọ irú àmì ohùn tí a fi ń ka orin náà. Nọ́ńbà òkè ń sọ iye irú àmì bẹ́ẹ̀ tí ó gbọ́dọ̀ wà nínú ìpín kọ̀ọ̀kan, èyíinì ni láti ìlà òró kan dé èkejì.

Kí ọ̀rọ̀ náà lè yé ni yékéyéké, kí a fi iṣu ṣe àpẹẹrẹ. Odidi iṣu kan ni àmì tí à ń pè ní semibreve. Bí a bá gé iṣu náà sí méjì, ìdajì kọ̀ọ̀kan ni minim. Bí a bá gé e sí mẹ́rin, ègé kọ̀ọ̀kan ni crotchet. Bí a bá gé e sí mẹ́jọ, ègé kọ̀ọ̀kan ni quaver. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí nọ́ńbà 2 nísàlẹ̀ fi dúró fún minim, tí 4 dúró fún crotchet, tí 8 sì dúró fún quaver. Bí a bá rí 3/4, ó túmọ̀ sí pé crotchet mẹ́ta, tàbí àwọn àmì mìíràn tí àpapọ̀ wọn bá crotchet mẹ́ta dọ́gba, ni ó wà nínú ìpín kọ̀ọ̀kan.

Ṣùgbọ́n kí olùkà ṣàkíyèsí pé nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, ẹnikẹ́ni kò tíì sọ bí iṣu náà ti tóbi tó. Ìdá mẹ́rin iṣu ńlá lè yó ẹni méjì. Ìdá mẹ́rin iṣu kékeré lè má tó ọmọdé kan. Síbẹ̀ ìdá mẹ́rin ni àwọn méjèèjì. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni crotchet rí. Kò ní iye ìṣẹ́jú àáyá kan pàtó tí a bí i mọ́. Nínú orin tí ń lọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó lè gbà ju ìṣẹ́jú àáyá kan lọ. Nínú orin ijó, ó lè má tó ìdajì rẹ̀.

Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ ni láti rò pé orin tí a kọ ní 6/8 gbọ́dọ̀ yára nítorí pé quaver jẹ́ ègé kékeré, tàbí pé èyí tí a kọ ní 2/2 gbọ́dọ̀ falẹ̀ nítorí pé minim jẹ́ ègé ńlá. Òǹkà kò sọ bẹ́ẹ̀ rárá. Bí a ti pín iṣu ni ó sọ. Kò sọ bí iṣu ti tóbi tó.

ỌWỌ́ MÉLÒÓ NI A Ó PA?

Nígbà tí orin bá ń lọ, ẹni tí ń gbọ́ ọ máa ń pàtẹ́wọ́ tàbí kí ó máa fi ẹsẹ̀ lu ilẹ̀, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kọ́ ọ. Ìpàtẹ́wọ́ yìí, tí ń bọ̀ ní déédéé, ni òpó tí orin fara tì. Ọ̀gá akọrin gbọ́dọ̀ mọ àmì ohùn tí ìpàtẹ́wọ́ kọ̀ọ̀kan dúró lé lórí.

Bí nọ́ńbà òkè bá jẹ́ 2, 3 tàbí 4, ọ̀rọ̀ kò le. Àmì tí nọ́ńbà ìsàlẹ̀ tọ́ka sí náà ni ìpàtẹ́wọ́. Nínú 3/4, ìpàtẹ́wọ́ mẹ́ta ni ó wà nínú ìpín kan, crotchet kọ̀ọ̀kan sì ni ìpàtẹ́wọ́ kan. Nínú 2/2, ìpàtẹ́wọ́ méjì ni, minim sì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn.

Ibi tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ti ń ṣìnà ni òǹkà tí nọ́ńbà òkè rẹ̀ jẹ́ 6, 9 tàbí 12. Nínú irú èyí, àṣà àwọn olórin ni láti kó mẹ́ta mẹ́ta jọ sí abẹ́ ìpàtẹ́wọ́ kan. Nítorí náà 6/8 ní ìpàtẹ́wọ́ méjì, kì í ṣe mẹ́fà. 9/8 ní mẹ́ta. 12/8 ní mẹ́rin. Quaver mẹ́ta ni ó wà nínú ìpàtẹ́wọ́ kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n crotchet kò gbà ju quaver méjì lọ, minim sì gba mẹ́rin, kò sí èyí tí ó gba mẹ́ta. Nítorí èyí ni a ṣe ń fi àmì kékeré kan, tí kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ, sí apá ọ̀tún crotchet. Àmì náà fi ìdajì kún iye tí crotchet ní tẹ́lẹ̀. Quaver méjì àti ìdajì rẹ̀, tí í ṣe quaver kan, di mẹ́ta. Crotchet alámì ni ẹ̀kọ́ yìí yóò máa pè é.

Àwọn onílù ilẹ̀ Yorùbá mọ ọgbọ́n yìí láìka ìwé kankan. Kí a fetí sí ìlù agogo tí à ń pè ní kónkóló. Bí a bá fara balẹ̀ kà á, ìdún kéékèèké 12 ni ó wà nínú àyíká kan kí ó tó tún bẹ̀rẹ̀. Agogo ń dún ní 7 nínú wọn, àwọn yòókù dákẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mẹ́rin péré ni ẹsẹ̀ oníjó ń balẹ̀. Àwọn tí ó kọ irú ìlù yìí sílẹ̀ sábà máa ń lo òǹkà 12/8, pẹ̀lú crotchet alámì mẹ́rin. Oníjó tí ó bá rí nọ́ńbà 12 tí ó sì fẹ́ gbé ẹsẹ̀ nígbà méjìlá, yóò ti rẹ̀ ẹ́ kí agbo tó gbóná.

A kò gbọdọ̀ gbàgbé pé bí orin 6/8 bá falẹ̀ gidigidi, ó tọ́ kí ọ̀gá akọrin ka quaver mẹ́fẹ̀ẹ̀fà lọ́kọ̀ọ̀kan. Báwo wá ni yóò ṣe mọ èyí tí ẹni tí ó kọ orin náà ní lọ́kàn? Àmì ìrìn ni yóò sọ fún un.

BÍ A ṢE Ń WỌN ÌRÌN ORIN

Kí ẹ̀rọ tó dé, ara ènìyàn ni àwọn olórin Yúróòpù fi ń wọn ìrìn. Ní ọdún 1496, Franchinus Gaffurius, ọ̀gá olórin kan ní Ítálì, kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ tí ń jẹ́ Practica musicae pé ìwọ̀n ìkà kan bá lílù iṣan ẹni tí ń mí jẹ́jẹ́ mu. Ní 1752, Johann Joachim Quantz, afọnfèrè ará Jámánì, tún lo iṣan ọrùn ọwọ́ bákan náà, ó sì mú lílù 80 nínú ìṣẹ́jú kan gẹ́gẹ́ bí òṣùwọ̀n rẹ̀.

Ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún àti kejìdínlógún, àwọn olórin Ítálì gbajúmọ̀ ní ààfin àwọn ọba Yúróòpù, ọ̀rọ̀ èdè wọn sì tàn kálẹ̀ nínú ìwé orin. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ Ítálì fi wà lórí ìwé orin títí di òní. Largo túmọ̀ sí gbígbòòrò, ó sì falẹ̀ púpọ̀. Adagio ni jẹ́jẹ́. Andante ni ti ẹni tí ń rìn lọ. Moderato ni ìwọ̀ntúnwọ̀nsì. Allegro túmọ̀ sí ìdáraya, ó sì yára. Presto ni kíákíá.

Àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí dára, nítorí wọ́n ń sọ ìwà orin fún akọrin. Ṣùgbọ́n wọn kò tó ṣe òṣùwọ̀n. Ìrìn àgbàlagbà tí ń ti oko bọ̀ kì í ṣe ìrìn ọmọ tí a rán níṣẹ́, bẹ́ẹ̀ ni ìrìn ni àwọn méjèèjì ń rìn. Andante ọ̀gá akọrin kan lè jẹ́ Adagio ẹlòmíràn.

Ní 1814, Dietrich Nikolaus Winkel ṣe ẹ̀rọ kan ní ìlú Amsterdam tí ó ń lu kọ́kọ́kọ́ ní déédéé, tí a sì lè mú kí ó yára tàbí kí ó falẹ̀. Johann Nepomuk Maelzel, ará Jámánì, rí ẹ̀rọ náà, ó fi àtẹ nọ́ńbà kún un, ó sì gba ìwé-àṣẹ lórí rẹ̀ ní 1815. Ẹ̀rọ náà ni mẹ́tírónóòmù. Winkel ni ó ronú kàn án, ṣùgbọ́n orúkọ Maelzel ni ó mọ́ ọn lára. Lẹ́tà M.M. tí a máa ń rí nínú àwọn ìwé orin àtijọ́ dúró fún Mẹ́tírónóòmù Maelzel. Ní 1817, Beethoven, ìlúmọ̀ọ́ká olórin, tẹ nọ́ńbà ìrìn jáde fún àwọn orin ńlá mẹ́jọ irú èyí tí à ń pè ní symphony tí ó ti kọ títí di ìgbà náà. Láti ìgbà yẹn ni àṣà náà ti gbilẹ̀.

ÀMÌ, LẸ́YÌN NÁÀ NỌ́ŃBÀ

Àmì ìrìn pípé ní apá méjì. Apá kìn-ín-ní ni àmì ohùn kan. Apá kejì ni nọ́ńbà. Àmì ìdọ́gba ni ó sì máa ń wà láàárín wọn. Bí a bá rí crotchet = 80, ó ń sọ pé crotchet 80 ni kí ó wà nínú ìṣẹ́jú kan. Bí a bá rí minim = 80, minim 80 ni kí ó wà nínú ìṣẹ́jú kan, crotchet yóò sì di 160. Nọ́ńbà kan náà ni, ṣùgbọ́n orin kejì yára ní ìlọ́po méjì ti ìṣáájú. Ẹni tí ó ka nọ́ńbà láìka àmì dà bí ẹni tí ó gbọ́ iye owó láìbéèrè bóyá igbá kan ni tàbí àpò kan.

Ìṣirò rẹ̀ kò ṣòro. Ìṣẹ́jú àáyá 60 ni ó wà nínú ìṣẹ́jú kan. Bí a bá fi nọ́ńbà tí ó wà lórí ìwé pín 60, a ó mọ iye ìṣẹ́jú àáyá tí ìpàtẹ́wọ́ kan gbà. Bí nọ́ńbà bá jẹ́ 60, ìpàtẹ́wọ́ kan gba ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ó bá jẹ́ 80, ó gba ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ìṣẹ́jú àáyá. Bí ó bá jẹ́ 90, ó gba ìdá méjì nínú mẹ́ta. Bí ó bá jẹ́ 120, ó gba ìdajì. Bí nọ́ńbà ti ń pọ̀ sí i ni àkókò ìpàtẹ́wọ́ ń kéré sí i.

Nísinsin yìí, a lè mú òǹkà àti àmì ìrìn pọ̀. Ẹ jẹ́ kí a mú orin méjì. Èkíní jẹ́ 3/4, àmì ìrìn rẹ̀ sì ni crotchet = 90. Crotchet kọ̀ọ̀kan gba ìdá méjì nínú mẹ́ta ìṣẹ́jú àáyá. Mẹ́ta ni ó wà nínú ìpín kan. Nítorí náà ìpín kan gba ìṣẹ́jú àáyá méjì. Èkejì jẹ́ 6/8, àmì ìrìn rẹ̀ sì ni crotchet alámì = 60. Crotchet alámì kọ̀ọ̀kan gba ìṣẹ́jú àáyá kan. Méjì ni ó wà nínú ìpín kan. Nítorí náà ìpín kan gba ìṣẹ́jú àáyá méjì. Ẹ wò ó bí ó ti rí! Ìpín méjèèjì gùn bákan náà. Quaver mẹ́fà ni ó wà nínú ìkíní, quaver mẹ́fà ni ó wà nínú ìkejì. Quaver kọ̀ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì gba ìdá kan nínú mẹ́ta ìṣẹ́jú àáyá. Síbẹ̀ orin méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n, nítorí pé ọwọ́ mẹ́ta ni à ń pa nínú ọ̀kan, ọwọ́ méjì ni à ń pa nínú èkejì.

Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ̀ ọ́n nínú ara rẹ̀, kí ó jókòó, kí ó fi ọwọ́ ọ̀tún lu itan lẹ́ẹ̀mẹta ní déédéé ní àkókò tí ọwọ́ òsì ń lu itan kejì lẹ́ẹ̀mejì, kí ọwọ́ méjèèjì sì bẹ̀rẹ̀ pọ̀. Kò ní pẹ́ tí yóò fi mọ̀ pé etí òun ti gbọ́ ọ rí lójú agbo ìlù. Nínú ìlù ilẹ̀ Yorùbá, méjì àti mẹ́ta a máa jọ rìn pọ̀ nínú àkókò kan náà, òun sì ni ó ń fún ìlù ní adùn.

Ẹ jẹ́ kí a padà sọ́dọ̀ àwọn ọ̀gá akọrin méjì tí wọ́n ń jiyàn. Àmì tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ 60 nínú ìwé wọn ni crotchet alámì. Ọ̀gá kìn-ín-ní kà á bí ó ti rí: ìpàtẹ́wọ́ méjì nínú ìpín kan, ìṣẹ́jú àáyá méjì fún ìpín kan, ìpín 32 sì gba ìṣẹ́jú àáyá 64. Ọ̀gá kejì rí 8 nísàlẹ̀ òǹkà, ó sì rò pé quaver ni 60 ń sọ. Quaver mẹ́fà nínú ìpín kan di ìṣẹ́jú àáyá mẹ́fà, ìpín 32 sì di ìṣẹ́jú àáyá 192. Orin ìṣẹ́jú kan di orin ìṣẹ́jú mẹ́ta.

Ìjìyà àṣìṣe yìí kì í ṣe ti ọ̀gá nìkan. Ọ̀rọ̀ tí ó yẹ kí akọrin fi èémí kan sọ, ó di èyí tí ó gbọ́dọ̀ mí lẹ́ẹ̀mẹta kí ó tó parí rẹ̀. Gbólóhùn ń já láàárín, àwọn tí ń gbọ́ kò sì mọ ohun tí orin ń wí. Thomas Ekundayo Phillips, ẹni tí ó jẹ́ ọ̀gá orin ní ṣọ́ọ̀ṣì Cathedral Church of Christ ní Èkó, ṣàlàyé nínú ìwé rẹ̀ lórí orin Yorùbá, tí ó jáde ní 1953, pé ohùn orin gbọ́dọ̀ bá ohùn ọ̀rọ̀ mu kí ìtumọ̀ má bàa sọnù. Ìtumọ̀ lè sọnù nípasẹ̀ ìrìn pẹ̀lú, bí orin bá falẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀rọ̀ fi tú ká, tàbí bí ó bá yára tó bẹ́ẹ̀ tí ẹnu kò fi lè pè é tán. Ohun tí ó sì burú jù ni pé àwọn ọmọ akọrin ni a máa ń bá wí, tí a ó máa sọ pé ọ̀lẹ ni wọ́n, wọn kò ní èémí, nígbà tí ó jẹ́ pé àmì kékeré kan ni a kò kà.

NÍGBÀ TÍ ÒǸKÀ BÁ YÍ PADÀ

Nígbà mìíràn òǹkà máa ń yí padà láàárín orin. Kí a gbà pé orin bẹ̀rẹ̀ ní 2/4 pẹ̀lú crotchet = 80, ó sì yí sí 6/8. Ẹni tí ó kọ ọ́ lè fi àmì méjì hàn wá, pé quaver = quaver. Èyí túmọ̀ sí pé quaver kò gbọdọ̀ yí padà. Quaver 160 ni ó wà nínú ìṣẹ́jú kan tẹ́lẹ̀, 160 náà ni yóò wà; ṣùgbọ́n nítorí pé mẹ́ta mẹ́ta ni a ń kó wọn jọ báyìí, ìpàtẹ́wọ́ yóò dín sí bí 53 nínú ìṣẹ́jú kan. Ó sì tún lè kọ ọ́ pé crotchet = crotchet alámì. Èyí túmọ̀ sí pé ìpàtẹ́wọ́ kò gbọdọ̀ yí padà. 80 ni yóò wà síbẹ̀, quaver ni yóò yára, tí 160 yóò di 240. Ọ̀nà méjèèjì jìnnà sí ara wọn. Kí ọ̀gá akọrin má ṣe fojú fo irú àmì bẹ́ẹ̀.

MẸ́TÍRÓNÓÒMÙ OLÓKÙN

Lónìí fóònù alágbèéká lè ṣe iṣẹ́ mẹ́tírónóòmù. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ akọrin tí kò ní in lọ́wọ́ lè fi okùn àti òkúta ṣe é láìná kọ́bọ̀. Galileo, ọ̀mọ̀wé ará Ítálì tí ó gbé ayé láti 1564 sí 1642, ṣe ìwádìí lórí ohun tí a so rọ̀ tí ń fì síwá sẹ́yìn. Bí fífì náà kò bá ti pọ̀ jù, gígùn okùn ni ó ń pinnu àkókò rẹ̀. Wíwúwo òkúta kò yí i padà.

Ẹ mú okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tí kì í fà, ẹ so òkúta kékeré mọ́ ọn nísàlẹ̀, kí ẹ sì so òkè rẹ̀ mọ́ ìṣó lára igi àjà. Láti ibi ìṣó dé àárín òkúta ni kí ẹ wọ̀n. Bí okùn bá gùn ní sẹ̀ǹtímítà 99, òkúta yóò fì láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì ní ìgbà 60 nínú ìṣẹ́jú kan. Sẹ̀ǹtímítà 69 yóò fún yín ní 72. Sẹ̀ǹtímítà 56 yóò fún yín ní 80. Sẹ̀ǹtímítà 44 yóò fún yín ní 90. Sẹ̀ǹtímítà 36 yóò fún yín ní 100. Sẹ̀ǹtímítà 25 yóò fún yín ní 120. Kí olùkà ṣàkíyèsí pé 120 jẹ́ ìlọ́po méjì 60, ṣùgbọ́n okùn rẹ̀ kì í ṣe ìdajì, ìdá mẹ́rin ni. Ẹ fi aago ọwọ́ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹnì kan ka òkúta, ẹnì kejì wo aago. Bí òkúta bá yára jù, ẹ fi gígùn kún okùn. Bí ó bá falẹ̀ jù, ẹ dín in kù.

FÚN ÀWỌN TÍ Ń KA DÓ-RÉ-MÌ

Ọ̀pọ̀lọpọ̀ akọrin ni kì í ka ìlà márùn-ún, bí kò ṣe dó-ré-mì. Arábìnrin Sarah Glover, ará Norwich ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ó ṣe ìpìlẹ̀ ọ̀nà ìkọ̀wé yìí. John Curwen, tí ó gbé ayé láti 1816 sí 1880, ni ó tún un ṣe tí ó sì tàn án ká. Nínú rẹ̀, àmì tóótó méjì tí ọ̀kan wà lórí èkejì ni ó ń pín ìkà kan sí èkejì, ìlà òró sì ń fi èyí tí ó wúwo hàn. Lẹ́tà M. pẹ̀lú nọ́ńbà ni àmì ìrìn rẹ̀. Níhìn-ín náà, bí orin bá jẹ́ oní-mẹ́fà-mẹ́fà, kí ọ̀gá kọ́kọ́ wádìí bóyá ọwọ́ mẹ́fà ni nọ́ńbà náà ń kà tàbí ọwọ́ méjì.

ÌDÁNRAWÒ

Kí àwọn tí ó bá péjọ sí ilé ìkàwé ṣe ìṣirò mẹ́ta yìí pọ̀, kí wọ́n tó wo ìdáhùn.

1. Orin kan jẹ́ 4/4, crotchet = 80, ìpín 16. Yóò ti pẹ́ tó?

2. Orin kan jẹ́ 3/4, crotchet = 120, ìpín 32. Yóò ti pẹ́ tó?

3. Orin kan jẹ́ 6/8, crotchet alámì = 60, ìpín 24. Yóò ti pẹ́ tó?

Ìdáhùn: Nínú ti kìn-ín-ní, ìpàtẹ́wọ́ 64 ni, ọ̀kọ̀ọ̀kan gba ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ìṣẹ́jú àáyá, gbogbo rẹ̀ jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 48. Nínú ti kejì, ìpàtẹ́wọ́ 96 ni, ọ̀kọ̀ọ̀kan gba ìdajì, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 48. Nínú ti kẹta, ìpàtẹ́wọ́ 48 ni, ọ̀kọ̀ọ̀kan gba ìṣẹ́jú àáyá kan, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 48. Òǹkà wọn yàtọ̀, nọ́ńbà wọn yàtọ̀, iye ìpín wọn yàtọ̀, síbẹ̀ bí a bá bẹ̀rẹ̀ wọn lẹ́ẹ̀kan náà, wọn yóò parí lẹ́ẹ̀kan náà.

Nítorí náà, kí ọ̀gá akọrin tó gbé ọwọ́ sókè, kí ó ka ohun mẹ́ta: òǹkà, tí ń sọ bí a ti pín orin, àmì ohùn, tí ń sọ ègé tí à ń wọ̀n, àti nọ́ńbà, tí ń sọ iye rẹ̀ nínú ìṣẹ́jú kan. Ọ̀kan nínú wọn kò tó láìsí àwọn yòókù. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Bí ẹgbẹ́ akọrin ìlú méjì bá ka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bákan náà, kí olúkúlùkù kọ́ orin rẹ̀ nílé tirẹ̀. Ní ọjọ́ tí wọ́n bá pàdé, ẹsẹ̀ wọn yóò balẹ̀ pọ̀.